Ẹ̀rọ Tuntun Kọ́ Ni Wọ́n Ń Fún Ní Ìwé Ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Láàbù Ìjọba àti Ìfọwọ́sí ISO 15189

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá wa láti iléeṣẹ́ ètò ìlera, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń wo ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó. Àkọlé tí wọ́n fún mi gùn bí orúkọ ìgbìmọ̀ ìjọba, nítorí náà màá gé e kúrú. Wọ́n ní kí n sọ bí láàbù ìlera aráàlú ṣe lè tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe débi tí wọn yóò fi fún un ní ìfọwọ́sí ISO 15189, ìlànà àgbáyé tó ń sọ bí láàbù ìlera ṣe gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ láàbù ìjọba wa tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí yìí, kì í ṣe ẹ̀rọ ni wọn kò ní. Mo ti dé láàbù tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ wọ́n ju ilé tí wọ́n gbé e sí lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi ẹni tó lo ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, tàbí ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀. Olùbẹ̀wò tó bá wá yẹ̀ yín wò kò ní pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Yóò fa fáìlì kan yọ, yóò mú èsì ẹnì kan láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, yóò ní: ẹ fi ọ̀nà tí èsì yìí gbà hàn mí, láti apá aláìsàn títí dé ọwọ́ dókítà. Ta ló fa ẹ̀jẹ̀ náà? Aago mélòó? Báwo ló ṣe dé ibí? Ta ló gbé e sínú ẹ̀rọ, ta ló sì kọ́ ọ níṣẹ́? Ibi tí ọ̀nà yẹn bá ti já, ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹni tí kò mọ̀ ju kó na apá, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láàbù ilé ìwòsàn ń ṣiṣẹ́ fún aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Láàbù ìlera aráàlú ń ṣiṣẹ́ fún odindi ìlú. Bó bá pe kọ́lẹ́rà ní ìgbẹ́ gbuuru lásán, àdúgbò ni yóò jìyà rẹ̀. Bó bá sì pariwo kọ́lẹ́rà níbi tí kò sí, wọ́n á ti kànga pa, wọ́n á lé àwọn ìyá olóúnjẹ kúrò lójú títì, gbogbo rẹ̀ lórí àṣìṣe ìwé kan.

Ẹ rántí oṣù Keje ọdún 2014 ní Èkó. Lọ́jọ́ 20 oṣù náà ni Patrick Sawyer, tó gbé àrùn Ẹ́bólà wọlé, gúnlẹ̀ láti Làìbéríà. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kan ní Ọbáléńdé, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Adadevoh fura, kò gbà kí wọ́n mú ọkùnrin náà jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dé láàbù fáírọ́ọ̀sì ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Èèyàn 20 ni Ẹ́bólà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn ló kú, Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ nílẹ̀ wa. Gbogbo ayé ló ń yin dókítà yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ká ní wọ́n ti ṣi orúkọ kọ sára ike ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ká ní kẹ́míkà tí wọ́n lò ti bàjẹ́ nínú fìríìjì tí iná kò sí fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ìfura dókítà kì í rìn jìnnà bí láàbù kò bá gbè é lẹ́yìn.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, LUTH yìí kan náà ló tún rí Kòrónà lára ará Ítálì tó lọ sí Ewékorò, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ACEGID, ibùdó tó ń ka àbùdá kòkòrò àrùn ní Yunifásítì Redeemer's, nílùú Ẹdẹ, ti ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú iṣẹ́ báyìí kò ṣeé ṣe nílẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe. Ohun tó ń ṣòro fún wa ni ká ṣe é bákan náà lọ́jọ́ tí kò sí àrùn ńlá, tí kò sí kámẹ́rà, ní ọ̀sán Ọjọ́rú lásán tí oòrùn mú ganrín.

Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí ṣe dé Áfíríkà kò gba àlàyé púpọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008, àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn pàdé ní Maputo, nílẹ̀ Mòsáńbíìkì, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìjọba dẹ́kun àtimáa fi láàbù ṣe ọmọ ìyá tí kò rẹ́ni gbè é. Ní oṣù Keje ọdún 2009, ní Kigali, wọ́n gbé nǹkan méjì kalẹ̀. Ọ̀kan ni SLMTA, ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn olórí láàbù bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́. Wọ́n á jókòó kọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á padà sílé lọ tún ohun kan ṣe, wọ́n á tún padà wá, ìpàdé ẹ̀kọ́ mẹ́ta láàárín ọdún kan tàbí ọdún kan àtààbọ̀. Èkejì ni SLIPTA, àtẹ̀gùn oníràwọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń wọn ibi tí láàbù dé. Bẹ́ẹ bá gba ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ìràwọ̀ kan, 65, méjì, 75, mẹ́ta, 85, mẹ́rin, 95, ìràwọ̀ márùn-ún. Nínú ìwé ìbéèrè ti ọdún 2015, máàkì 275 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá dé 55 gba òdo, òdo yẹn sì ni mi ò tíì rí láàbù tó fi férémù gbé e kọ́ ògiri.

Nǹkan kan wà tó máa ń dà rú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, títí kan àwọn ọ̀gá ńláńlá. Ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà. Ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ wa, MLSCN, ń fún wa lábẹ́ òfin ọdún 2003, ó kàn ń sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣílẹ̀kùn ni. Ìràwọ̀ SLIPTA ń sọ ibi tẹ́ẹ rìn dé. Ìfọwọ́sí ISO 15189 ló ń sọ pé àyẹ̀wò báyìí báyìí tẹ́ẹ̀ ń ṣe, ó ṣeé gbára lé, níbikíbi lágbàáyé. Iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìfọwọ́sí ló sì ń fúnni: NiNAS nílẹ̀ yìí, SANAS ní Gúúsù Áfíríkà, KENAS ní Kẹ́ńyà. Láàbù lè ní ìràwọ̀ mẹ́rin kó má ní ìfọwọ́sí. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ polówó lórí rédíò bíi pé ìfọwọ́sí ni. Kò dára bẹ́ẹ̀.

Ìlànà ISO 15189 fúnra rẹ̀ jáde lọ́dún 2003, wọ́n tún un ṣe ní 2007 àti 2012, èyí tó wà níta báyìí sì ni ti 2022. Ẹ wo ìyàtọ̀ inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀dà ti 2012 mú kí gbogbo wa máa kọ ìwé kọ́líti, ìyẹn ìwé bí a ṣe ń rí sí i pé iṣẹ́ wa dára, tó nípọn bíi Bíbélì ìdílé. Ti 2022 kò fi dandan lé ìwé yẹn mọ́. Ohun tó ń bi yín ni pé: kí ló lè ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ yín tó máa pa aláìsàn lára, kí lẹ sì ti ṣe sí i? Ó tún mú àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́ra, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń fi ẹ̀rọ kékeré ṣe ní wọ́ọ̀dù. Èmi fẹ́ràn ẹ̀dà tuntun yìí, nítorí ó ṣòro láti fi ìwé kíkọ tàn án jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìwé.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn fìríìjì láàbù, ìwé kan máa ń wà tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ kẹ́míkà wa kò gbọdọ̀ kúrò láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la ó máa wo tẹmómítà, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká fọwọ́ sí i. Láàbù kan tí mo bẹ̀ wò, tí mi ò ní dárúkọ, mo wo ìwé oṣù Kejìlá wọn. Ó mọ́ tónítóní. 4 láàárọ̀, 4 nírọ̀lẹ́, láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí dé ọjọ́ 31, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ọjọ́ Kérésìmesì pàápàá. Mo ní ta ló wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésì? Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Mo ní ẹ bá mi mú ìwé jẹnẹrétọ̀ wá. Ìwé yẹn ni kò purọ́, nítorí dísù wà nínú rẹ̀, owó sì ni dísù: láti àárín ọ̀sẹ̀ Kérésì títí dé ìparí rẹ̀, kò sẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ pé NEPA kò mú iná wá lọ́sẹ̀ náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti fìríìjì yìí kò tiẹ̀ ju oṣù kan lọ.

Ẹ dákun, ẹ má tíì dá ọmọ tó kọ ìwé yẹn lẹ́bi. Mo bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń kọ ọ́, kò sẹ́nì kankan tó kà á rí. Bí oṣù bá parí, ọ̀gá á fọwọ́ sí i láìwò ó, wọ́n á tì í bọ fáìlì. Ohun tí a bá ní kéèyàn máa ṣe lójoojúmọ́ tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, a ti kọ́ onítọ̀hún pé kò já mọ́ nǹkan nìyẹn, irọ́ tó pa lórí ìwé yẹn, àwa la kọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, wọn kò kọ́kọ́ fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Wọ́n fi orúkọ ẹni tó máa wá lópin ọ̀sẹ̀ àti lọ́jọ́ ọlidé sínú àtẹ iṣẹ́. Wọ́n ra tẹmómítà tó ń ṣe àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n sì ní kí ọ̀gá máa ka ìwé náà ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kó kọ ohun tó rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo wá ṣe olùbẹ̀wò, ìwé tí inú mi máa dùn láti rí ni èyí tí wọ́n kọ 11 sí pẹ̀lú bírò pupa, tí wọ́n wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: iná lọ lálẹ́ àná, a kó àwọn kẹ́míkà lọ sí fìríìjì kejì, a fi kọ́ńtírò, ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ iye tó wà nínú rẹ̀, dán wọn wò kí a tó lò wọ́n, èyí tí kò yege a dà á nù. Ibẹ̀ ni mo ti máa mọ̀ pé èèyàn wà nílé. Ìwé tí kò ní àbàwọ́n kankan ló ń bà mí lẹ́rù.

Àti pé, ẹ dín fọ́ọ̀mù kù. Láàbù tó fẹ́ gba ìfọwọ́sí máa ń ní àìsàn kan: ọjọ́ kẹ́ni kan sọ pé ohun kan kò dára, fọ́ọ̀mù tuntun dé. Lọ́dún kejì, fọ́ọ̀mù ti pọ̀ ju aláìsàn lọ. Èyí tí kò bá sẹ́ni tó ń kà, ẹ yọ ọ́ dànù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká jáde kúrò nínú láàbù, nítorí ìta ni èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe wa ti ń wá. Lọ́dún 1997, Plebani àti Carraro, ní Padova nílẹ̀ Ítálì, ṣe àkójọ àṣìṣe ní láàbù pàjáwìrì kan. Àṣìṣe 189 ni wọ́n rí. Ìdá 68.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ìdí ẹ̀rọ, ìdá 18.5 ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ti parí, nígbà tí wọ́n ń kọ èsì tàbí tí wọ́n ń fi jíṣẹ́, ìdá 13.3 péré ló ṣẹlẹ̀ lórí àyẹ̀wò gan-an. Wọ́n tún un wò ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìtàn kan náà ni. Ítálì nìyẹn o, níbi tí iná kì í lọ. Kí la wá ń ná gbogbo owó wa sórí ìdá 13 yẹn fún?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń ṣe kẹ́mísírì ti mọ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí láàbù tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kan dé. Potásíọ̀mù rẹ̀ jáde ní ohun tó lé ní 9, nígbà tí ti ẹni tó gbádùn kì í sábà kọjá 5. Kálísíọ̀mù rẹ̀ sì wálẹ̀ lọ sí ibi tí kò yẹ kó dé láé. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ dákẹ́. Ìyá tí à ń wí yìí jókòó síta níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nọ́ọ̀sì ló fa ẹ̀jẹ̀ sínú ike méjì. Èyí tó ní ìdérí àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò kún, èyí tó ní ìdérí pupa kò kún. Ojú àánú ló fi wo ìyá náà, kò fẹ́ tún gún un lábẹ́rẹ́, ló bá da díẹ̀ láti inú ike àkọ́kọ́ sínú èkejì. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tó wà nínú ike àkọ́kọ́ yẹn, EDTA ni, potásíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń gbé kálísíọ̀mù mì. Ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe. Ohun tí wọ́n bù sínú ike ló wọ̀n.

Bẹ́ẹ bá ra ẹ̀rọ mìíràn tó ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, 9 náà ni yóò kọ jáde.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó gbé fóònù, a ó bú nọ́ọ̀sì. Mo mọ̀, ó máa ń dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ISO 15189 ní àwa ni ká kọ ìlànà bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀, ká sì fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbà á. Bí ìwé ìlànà yẹn bá wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá láàbù, ta ló jẹ̀bi? Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí káádì kékeré, ojú ìwé kan, pẹ̀lú àwọ̀ àwọn ìdérí àti èyí tó yẹ kó ṣáájú, kẹ́ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ ka iye ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ dá padà àti ibi tó ti wá, ẹ fi han mètírọ́ọ̀nù láìpariwo. Nọ́ọ̀sì tó bá ti mọ̀ pé àánú òun ló sọ ìyá yẹn di ẹni tó ń kú lọ lórí ìwé kò ní dán an wò mọ́.

Ti ṣúgà náà ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sínú ike lásán lábúlé, tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọ̀kadà, kò dúró jẹ́ẹ́. Àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ lọ, nǹkan bí ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan, bí kò bá sí nínú òtútù. Bó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ti di aláìlárùn. Ti orúkọ tún wà níbẹ̀. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "Alhaja" sí, Alhaja nìkan, ní ìlú tí gbogbo àgbà obìnrin rẹ̀ jẹ́ Alhaja. Ẹ má gba ike tí kò ní orúkọ kíkún àti nọ́ńbà káàdì, ì báà ṣe ìyá kọmíṣọ́nà ló ni ín.

Lórí kọ́ńtírò, màá sáré kọjá, àfi ibì kan. Láti ọdún 1950 tí Levey àti Jennings ti mú àtẹ tí a fi ń tọ́ èsì kọ́ńtírò wọ láàbù, a mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí a mọ iye tó wà nínú rẹ̀ la ó kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ wò láràárọ̀, ká fi àmì rẹ̀ sórí àtẹ. Westgard wá kọ àwọn òfin tí a fi ń ka àtẹ náà lọ́dún 1981. Bí àmì kan bá fò kọjá ibi tó yẹ, ẹ dúró. Bí àmì mẹ́wàá bá tò sí apá kan ṣoṣo láì kọjá ààlà, nǹkan kan ti ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ wá a. Ibi tí mo ti fẹ́ dúró nìyí: kọ́ńtírò kò wọlé, wọ́n tún un ṣe, kò wọlé, wọ́n tún un ṣe, lẹ́ẹ̀kẹrin ó wọlé, wọ́n kọ ti ẹ̀ẹ̀kẹrin sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń jù owó ẹyọ sókè títí tó fi já sí apá tó wù ú kò tíì mọ ohunkóhun nípa owó náà. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kẹ́ẹ sì kọ ohun tẹ́ẹ ṣe láàárín wọn.

Bákan náà ni ti àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òde, irú èyí tó ń ti láàbù MLSCN ní Sáyè, Zaria, wá. Wọ́n fi ń wò bóyá èsì yín bá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín mu. Bó bá dé, ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni kó bọ́ sí. Kíké sí ọ̀gá tó mọṣẹ́ jù láti ilé rẹ̀ kó wá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ara wa là ń tàn.

Mo dé ibi tó le jù wàyí, àwọn tó kàn sì jókòó síwájú mi, nítorí náà ẹ foríjì mí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á mú ọ̀dọ́ kan, wọ́n á sọ ọ́ ní kọ́líti ọ́fíṣà, ẹni tó ń rí sí i pé iṣẹ́ láàbù dára, kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á wá ní kó gba ìwé ẹ̀rí wá. Ọmọ yẹn lè kọ ìwé ìlànà tó dára jù láyé. Ṣé òun ló máa fọwọ́ sí owó tí wọ́n fi ń yẹ pípẹ́ẹ̀tì, ohun tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ àti kẹ́míkà díẹ̀díẹ̀, wò? Ṣé òun ló máa sanwó ẹnjiníà tó ń wo kábíńẹ́ẹ̀tì tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò ikọ́ fée lọ́dọọdún? Bí kẹ́míkà bá tán nísítọ̀, tí bébà tí wọ́n fi béèrè òmíràn ti ń rin ìrìn àjò láti tábìlì kan sí òmíràn fún oṣù mẹ́ta, ta ló máa fà á jáde? Ọ̀gá àgbà ni. Láàbù tí ọ̀gá àgbà rẹ̀ kì í jókòó sí ìpàdé àtúnyẹ̀wò ọdọọdún, tó ń rán aṣojú wá, mo lè sọ ibi tó máa parí sí kí olùbẹ̀wò tó dé.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun náà wà ńbẹ̀. Láti ọdún 2003 tí PEPFAR, ètò ìrànwọ́ Amẹ́ríkà lórí HIV, ti bẹ̀rẹ̀, owó HIV ló tún ọ̀pọ̀ láàbù wa kọ́. A dúpẹ́, a kì í ṣe aláìmoore. Ṣùgbọ́n ẹ wọ irú láàbù bẹ́ẹ̀: apá ibi tí wọ́n ti ń ka fáírọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ amúlétutù, inverter, ìwé ìlànà, òṣìṣẹ́ tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kọjá ògiri kan péré, ibi tí wọ́n ti ń wo ibà, maikirosikópù kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ló ń lò ó. Àyẹ̀wò Wídàà tí kò jọ nǹkan ni wọ́n fi ń sọ fún gbogbo ìlú pé táífọ́ìdì ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, gbogbo wa rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà. Ìfọwọ́sí tí owó àjèjì nìkan gbé ró, ọjọ́ tí àjèjì bá lọ ni yóò bá a lọ. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láàbù tó dúró ní láti fi kẹ́míkà àti owó àtúnṣe ẹ̀rọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Jápa ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Ẹni tẹ́ẹ kọ́ fún ọdún méjì, ó ti wà ní Manchester. Kò sí òfin tó lè dá a dúró, èmi ò sì bínú sí wọn. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí ìmọ̀ orí wọn wà lórí ìwé kí wọ́n tó lọ, ní èdè tí ẹni tuntun máa lóye, kí ó lé ní ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì ti dán ẹni náà wò kí a tó jẹ́ kó fọwọ́ sí èsì. Èyí tí wọ́n dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ láàbù oníláàbù ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò lè ṣe é. Mo ti rí irú rẹ̀ ju ìgbà kan lọ.

Wọ́n béèrè ìbéèrè méjì lọ́wọ́ mi nígbà tí mo parí, mo sì fẹ́ kí èsì wọn wà nínú ìwé yìí.

Ẹnì kan ní, ọ̀gá, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò tí à ń ṣe lé ní ọgọ́rin? Mo ní kò sẹ́ni tó ní kẹ́ẹ gbé ọgọ́rin lọ. Àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ni ìfọwọ́sí ń dá lé lórí, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ èyí tẹ́ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ mú márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ìlú ń béèrè jù, tí kẹ́míkà rẹ̀ kì í wọ́n yín, tẹ́ẹ sì ti ń kópa nínú àyẹ̀wò láti òde fún un. Ẹ fi àyẹ̀wò ibà sínú rẹ̀, ẹ má wo HIV nìkan. Àwọn ìyókù á máa wọlé bí ọdún bá ṣe ń yí, nítorí àwọn olùbẹ̀wò á máa padà wá ní àsìkò sí àsìkò, wọ́n sì lè fi àyẹ̀wò kún un, bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́.

Ìyá kan tó jẹ́ olórí láàbù ní ìjọba ìbílẹ̀ ní òun kò lówó, òun kò ní kọ́líti ọ́fíṣà, òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré lòun ní. Kí lòun lè ṣe lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀? Mo ní, Mà, ẹ mú èsì kan láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èyíkéyìí tọ́wọ́ bá bà. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, kẹ́ẹ tọ ipa rẹ̀ padà dé apá aláìsàn, kẹ́ẹ kọ gbogbo ibi tó ti já sílẹ̀. Ẹ yan ibì kan níbẹ̀ tí kò ní ná yín lówó, ẹ tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó ní ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní ọ́díìtì? Mo ní òun náà ni, Mà. Ó ní ká ní wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun láti ọdún tó kọjá ni, òun ì bá má ti sá fún un.